Ọ̀rọ̀ Kohli àti Rohit ló ya èmi àti ọ̀rẹ́ mi: báwo ni mo ṣe fẹ́ tún un ṣe?

Oníwáyà Kàbà

Òkun o, gbogbo ilé. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe. Mọ́tọ̀ inú ẹ̀rọ oníná tó bá jóná, èmi ni mo máa ń tú wáyà inú rẹ̀, tí mo máa ń tún òmíràn we síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, níbí ní Kàbà. Kí n tó dá dúró, mo fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ iná ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan, ibẹ̀ ni kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ti wọ̀ mí lára. Àwọn ẹnjiníà ará Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń gbá a ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè lórí ilẹ̀ pupa kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń gbé. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù aláwọ gidi ni wọ́n ń lò. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni, wọ́n á wá we téèpù dúdú tí àwa oníná fi ń di wáyà mọ́ ọn lára, kí ó lè wúwo, kí ó sì lè sáré. Èmi ni mo máa ń we é fún wọn. Bí téèpù bá nípọn jù lápá kan, bọ́ọ̀lù náà á máa yà nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà mo máa ń fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká kí n tó fún wọn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà níbí la jọ kọ́ eré yìí. Ẹnjiníà tó kọ́ èmi, ọmọ Delhi ni, Virat Kohli tó ń gbá fún Íńdíà ni akọni tirẹ̀. Ọmọ Mumbai ló kọ́ ọ̀rẹ́ mi, Rohit Sharma ni tiyẹn. Bí a ṣe pín ara wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó so mí mọ́ Kohli, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Ní Oṣù Kejìlá 2006, ọmọ ọdún 18 ni, ó ń gbá fún Delhi, wọ́n ń bá Karnataka ṣeré. Ó ti ní run 40 (run ni àmì tí wọ́n ń kà fún ẹni tó ń gbá) nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kò sì tíì jáde, ó fi ìyókù di ọjọ́ kejì. Lóru ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ kú. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé igi rẹ̀, ó padà sórí pápá, ó gbá a dé 90 kí wọ́n tó lé e jáde, lẹ́yìn náà ló wá lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Nígbà tí ẹnjiníà yẹn sọ ọ́ fún mi, bàbá tèmi ò tíì lo oṣù mẹ́rin nílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé pé Bàbá ti lọ, orí àkàbà ni mo wà, mò ń so wáyà. Mi ò sọ̀kalẹ̀ títí mo fi so ó tán. Àwọn ará ilé ní ọkàn mi le. Kò sí ẹlòmíràn tí mo tíì gbọ́ pé ó ṣe irú ohun tí mo ṣe yẹn, àfi Kohli.

Láti ìgbà yẹn ni ayọ̀ mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Oṣù Kọkànlá 2019 títí di ọjọ́ 8 Oṣù Kẹsàn-án 2022, kò rí sẹ́ńtúrì kan ṣoṣo, ìyẹn run 100 lẹ́ẹ̀kan, gbá fún Íńdíà. Bí ó bá ti jáde ní 12 tàbí 20, mi ò ní jẹun alẹ́. Màá máa kanra mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ìyàwó mi á wo ojú mi lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ó tún ti jáde, àbí?" Kò mọ ohunkóhun nípa kíríkẹ́ẹ̀tì, ojú mi ló fi ń mọ èsì.

Ìyẹn ni mo fi dé ọjọ́ 19 Oṣù Kọkànlá 2023, àṣekágbá Ife Àgbáyé láàárín Íńdíà àti Ọsirélíà ní Ahmedabad. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Sọ́ńdè sì ni. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, a gbé fóònù mi ti ara àpótí irinṣẹ́. Rohit ti gbá 47 nínú bọ́ọ̀lù 31, ó tún fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù tí Maxwell ti Ọsirélíà jù lọ sókè, Travis Head, ọmọ Ọsirélíà mìíràn, sáré sẹ́yìn, ó hán an, Rohit jáde nìyẹn. Kohli gbá 54, bọ́ọ̀lù Cummins, balógun Ọsirélíà, kan etí igi rẹ̀, ó sì wọ wíkẹ́ẹ̀tì, igi mẹ́ta tí wọ́n rì sẹ́yìn ẹni tó ń gbá, òun náà jáde. Kò tètè kúrò. Ó dúró síbẹ̀ ó ń wo ilẹ̀, gbogbo pápá náà sì dákẹ́ bí ilé tí òkú wà. Íńdíà ní 240. Ọsirélíà kọjá iye yẹn, wọ́n sì borí.

Mo ní Rohit ló da gbogbo rẹ̀ nù, ṣé kò lè ní sùúrù ni. Ọ̀rẹ́ mi ní Kohli máa ń gbá fún orúkọ ara rẹ̀, kì í gbá fún ikọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mo ní, "Ìwọ tí o ti gbéyàwó láti ọdún méje, tí o ò rí ọmọ gbé jó, kí lo mọ̀ nípa iṣẹ́ ọkùnrin?"

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Kò lù mí. Kọ́ọ̀bù omi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó tún sún un kúrò létí, síbi tí kò ti ní já bọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Bí a bá pàdé lọ́jà, á yà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 29 Oṣù Kẹfà 2024, Íńdíà fi run 7 na Gúúsù Áfíríkà ní Barbados, wọ́n gba Ife Àgbáyé T20, ìyẹn kíríkẹ́ẹ̀tì kúkúrú. Kohli gbá 76. Rohit ni balógun ikọ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì kéde lọ́jọ́ kan náà pé àwọn ò ní gbá T20 fún Íńdíà mọ́. Èmi nìkan ni mo jókòó ti fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù. Àga tí ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó lé ṣófo níwájú mi.

Èyí tó wá mú mi kọ̀wé nìyí. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹfà 2025, lórí pápá Ahmedabad yẹn kan náà, Royal Challengers Bengaluru, ẹgbẹ́ tí Kohli ń gbá fún, gba ife IPL, líìgì kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún 18 ni Kohli fi wà pẹ̀lú wọn kó tó ṣẹlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún, èmi náà sunkún. Lọ́jọ́ kejì, èrò ya lọ sí pápá Chinnaswamy ní Bengaluru láti wá kí wọn. Wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì, ènìyàn 11 kú. Mo rí fọ́tò ibẹ̀. Bàtà ló kún ilẹ̀, ẹyọ ẹyọ, sálúbàtà obìnrin, bàtà ọmọdé. Mo ti fóònù pa, mi ò sì lè ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ bá ọ̀rẹ́ mi? Báwo sì ni ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn akọni tí ayọ̀ tirẹ̀ kò ní máa gbé lọ́wọ́ onítọ̀hún? Ṣé kí n kúkú pa kíríkẹ́ẹ̀tì tì ni?

---

Tísà Gbẹ̀dẹ̀

Ọmọ mi, òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó fèsì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò ní tún nà ọ́ ju bí o ti na ara rẹ lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní àṣìṣe kékeré.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ni mo wà. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn òyìnbó tó kọ́ wa kọ́ wa ní kíríkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn máa ń sọ ìtàn Harold Larwood fún wa, mi ò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Awakùsà ni Larwood ní Nottinghamshire, ó ń wa èédú kó tó di ẹni tí ayé mọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù yára tó o nígbà ayé rẹ̀. Ní 1932, ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ sí Ọsirélíà, ẹ̀rù Don Bradman sì ń bà wọ́n. Bradman yìí ni òrìṣà àwọn ará Ọsirélíà. Nígbà tó fi máa fi eré Test, kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, sílẹ̀, 99.94 ni ìpíndọ́gba run rẹ̀, kò sí ẹni tó tíì sún mọ́ ọn di bí mo ṣe ń sọ yìí. Douglas Jardine, balógun ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní kí Larwood máa ju bọ́ọ̀lù sí ara àwọn tó ń gbá, sí ìhà àti èjìká. Larwood ṣe bí wọ́n ṣe rán an. Ní Adelaide, ní Oṣù Kìíní 1933, bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá Bill Woodfull láyà, òmíràn bá Bert Oldfield lórí. Inú bí èrò débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wọ pápá. Àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè méjèèjì ń fi tẹ́lígíráàmù bú ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì borí ní 4 sí 1, Larwood mú wíkẹ́ẹ̀tì 33, ìyẹn ni pé ó lé ẹni tó ń gbá jáde nígbà 33.

Nígbà tó délé, wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé ìtọrọ-àforíjì. Ó ní òun ò ní ṣe é, balógun ikọ̀ ló rán òun níṣẹ́. Kò gbá fún Gẹ̀ẹ́sì mọ́ láéláé. Àwọn tó ń gbé e lórí tẹ́lẹ̀ ò yọjú sí i. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù súìtì sí Blackpool.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ní 1950, ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn márùn-ún, ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibo ló ń lọ? Ọsirélíà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fi bọ́ọ̀lù lù. Ta ló sì ràn án lọ́wọ́ tó fi rí ibẹ̀ gbé? Jack Fingleton, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù yẹn sí lára. Ó bá wọn gbé ní Sydney, ó dàgbà láàárín wọn, ibẹ̀ ló kú sí ní 1995 lẹ́ni ọdún 90.

Lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ nílé rẹ̀. Má pè é sórí fóònù.

---

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ kú ìmọ̀ràn, sà. Ìtàn yìí wọ̀ mí lára gan-an. Ẹ̀gbọ́n oníwáyà, ẹ má bínú sí mi, ibì kan wà tí mi ò gbà pẹ̀lú yín.

Ẹ ń bi wá bóyá kí ẹ pa kíríkẹ́ẹ̀tì tì, àfi bí ẹni pé Kohli ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí yín lẹ́nu. Ẹ wo ohun tí òun ṣe. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Karùn-ún 2023, nínú eré IPL kan ní Lucknow, òun àti Naveen-ul-Haq, ọmọ Afghanistan, fẹ́rẹ̀ẹ́ já lu ara wọn lórí pápá. Gautam Gambhir, olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ Naveen, náà dá sí i, gbogbo ayé ló rí i bí òun àti Kohli ṣe ń nàka síra wọn. Wọ́n gba gbogbo owó iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ́wọ́ Kohli àti Gambhir. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí Naveen bá ti ń gbá, àwọn olólùfẹ́ Kohli á máa pariwo "Kohli! Kohli!" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Íńdíà bá Afghanistan gbá ní Delhi, ìlú Kohli gan-an. Àwọn èrò tún bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn. Kohli kọjú sí wọn, ó fọwọ́ sọ fún wọn pé ó tó. Òun àti Naveen bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìjà oṣù márùn-ún péré.

Àti ní 2019, ní pápá Oval ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí àwọn ọmọ Íńdíà ń hó lé Steve Smith ti Ọsirélíà lórí nítorí ọ̀ràn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi sáńpépà ha ní Cape Town, òun ló sọ fún wọn pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alátakò rẹ̀ ni o! ICC, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, fún un lámì ẹ̀yẹ lórí ìyẹn.

Bí ẹ bá ní akọni yín ni, èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi náà ní tèmi. Ọdún tí mo kùnà ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, fọ́tò Dhoni, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà, tó wà lára ògiri mi ni mo máa ń wò láàárọ̀ kí n tó dìde, nítorí pé mo mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ yíyẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní ibùdókọ̀ ojú irin rí kó tó di ẹni tó gba Ife Àgbáyé 2011. Ẹ tẹ̀ lé Kohli dé ibi ọjọ́ ikú bàbá rẹ̀. Ẹ bá mi tẹ̀ lé e dé Delhi pẹ̀lú.

---

Ìyá Mọ́pà

Àbúrò mi, àwọn ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ rẹ. Mo ní kí n bi ọ́ léèrè: ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?

Ọdún 9 ni mo fi wá ọmọ. Bí ẹnì kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọkọ mi níta, bó pẹ́ bó yá, á délé bá mi. Kò ní sọ ọ́ fún mi o. Á kàn délé láìsọ̀rọ̀, á ní òun ò jẹun, èmi ni màá sì jókòó sí kíṣìnì tí màá máa ro ohun tí mo ṣe. Oúnjẹ tí ìwọ ò jẹ nítorí Kohli, àwọn náà ò jẹ tiwọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí rẹ. Nítorí náà, bí o bá ń lọ, mú ìyàwó tìrẹ dání. Kí o bẹ àwọn méjèèjì. Má dárúkọ Kohli, má dárúkọ Rohit. Má sọ pé inú ló bí ọ. Má gbàdúrà ọmọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ènìyàn ló ń gbà á fún wọn, ó ti sú wọn. Sọ ohun tí o sọ, sọ pé ó burú, kí o dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí o béèrè wá kù. Lọ́kọ́ja ni mo wà, eré ìdárayá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Kìíní 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 19 na New Zealand nínú Ife Àgbáyé wọn ní Kuching, ní Malaysia. Òjò ti mú kí wọ́n dín in kù sí over 13 (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni over kan). Àwa ní 65, wọ́n ní 63. Lucky Piety ni balógun ikọ̀ wa, Lillian Udeh ló ju over ìkẹyìn. Mo fò sókè nínú ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ayọ̀ mi kún jù ni ọjọ́ kejì rẹ̀, nígbà tí ọmọ kan tó ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù wá bá mi pé, "Màámi, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń jù ú hàn mí."

Gbogbo ohun tí o kọ pátá, ibi tí mo ti rí ẹ̀rín nínú rẹ̀ ni orí ilẹ̀ pupa yẹn, níbi tí o ti ń we téèpù. Ìgbà wo lo gbá a kẹ́yìn?

---

Oníwáyà Kàbà

Bàbá, ẹ ṣeun. Àbúrò mi ní Ìsánlú, o ṣeun. Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn. Mo ṣírò rẹ̀, láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ni. Mi ò gbá a mọ́. Mo kàn ń wò ó.

Mo lọ ní Sátidé. Ìyàwó mi bá mi lọ. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà fún un, mo ní kí n sọ fún un kí a tó lọ, ó wò mí pẹ́, kò fèsì, ó kàn wọlé lọ mú gèlè.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló ṣílẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà, mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́. Kò ní kí n dìde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé ọkọ òun kò sọ ọ́ fún òun rárá. Ó sunkún. Ìyàwó mi lọ dì í mú, àwọn méjèèjì wọlé. Ó ní ọkọ òun wà lẹ́yìnkùlé.

Iṣu ló ń so mọ́ igi ní ẹ̀yìn ilé. Mo sọ ọ́ fún òun náà. Kò dáhùn. Ó tọ́ka sí òkìtì iṣu tó wà nílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún un níkọ̀ọ̀kan, òun ń so. A ṣe é bẹ́ẹ̀ tó wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "O ò mọ̀." Mo dákẹ́.

Mo ti we bọ́ọ̀lù kan lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdè, ó wà nínú àpò mi, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n mú un jáde tàbí kí n máà mú un jáde. Nígbà tí iṣu tán, mo gbé e fún un. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á. Ó yí i ká, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ yípo.

Ó ní, "Téèpù yìí nípọn jù lápá ibí."

Ó jókòó sórí àpótí, ó wá orí téèpù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.